Owó Ọwọ́, Káàdì Tàbí Sọ̀wédowó: Ta Ló Ń Ru Ẹrù Rẹ̀?

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, mo ra ẹ̀fọ́, ata àti tòmátò lọ́wọ́ ìyá àgbàlagbà kan ní ọjà Kútò, nílùú Abẹ́òkúta níbí. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦2,800. Owó tó wà lápò mi kò tó, ni mo bá ní kí ìyá fún mi ní nọ́ńbà àkáùntì. Ìyá kò ní àkáùntì. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Ìfọ̀ ló máa ń bá a gba irú owó bẹ́ẹ̀. Mo fi owó ránṣẹ́ sí ọmọ náà, báńkì mi sì yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ìyá pe ọmọ lẹ́ẹ̀mẹta, ọmọ ní òun kò rí nǹkan kan. Mo na fóònù sí i, mo ní, "Màmá, ẹ wò ó, ó ti lọ." Ìyá ní, "Ọmọ mi, èmi ò mọ̀wé, àmọ́ mo mọ ìgbà tí owó bá wọlé. Máa lọ, tó bá dé, ó dé." Ọjọ́ Ajé ni owó náà tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Nígbà tí ìyá fúnra rẹ̀ fọwọ́ kàn án, n kò mọ̀.

Ohun tí mo ṣe sí ìyá yẹn kò dùn mọ́ mi. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi jẹ ẹ̀fọ́ rẹ̀ láwìn, láìtọrọ ààyè, mo sì tún ń fi fóònù han àn bí ẹni pé òun ni kò gbà mí gbọ́. Bí a bá ń bi ara wa léèrè pé owó ọwọ́, káàdì, tíránsífà tàbí sọ̀wédowó, èwo ló dára jù láti fi ra nǹkan ojoojúmọ́, ohun tó rọ àwa lọ́rùn la sábà máa ń wò. A kì í béèrè ẹni tí ìnira rẹ̀ ń já lé lórí.

Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ti rí oríṣiríṣi owó. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń ta ẹ̀dà kan, ìyẹn okùn mẹ́ta, nítorí ogójì ẹyọ là ń sín sí okùn kan. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 ẹyọ, alágbára ló sì ń rù ú. Ṣùgbọ́n bí ó ti wúwo tó, ẹni tó bá gba owó ẹyọ ti gbà á tán. Kò sí pé "ó ń bọ̀ lọ́nà". Lẹ́yìn náà ni ṣílè dé, kí náírà tó gba ipò rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1973. Àwọn àgbà tó wà láàárín wa kò tíì gbàgbé oṣù Kẹrin ọdún 1984, nígbà tí ìjọba ológun Ọ̀gágun Buhari yí àwọ̀ owó padà, tí wọ́n ti ẹnubodè, tí ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ péré sì wà láti kó ti àtijọ́ lọ sí báńkì.

Ọkùnrin kan náà ló wà lórí àlééfà nígbà tí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2022, Godwin Emefiele tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà kéde pé a ó yí ₦200, ₦500 àti ₦1,000 padà. Ó ní nínú tírílíọ̀nù 3.23 náírà tó wà níta, tírílíọ̀nù 2.73 ni kò sí nínú àpótí àwọn báńkì. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé àwọn kan ló kó gbogbo rẹ̀ pamọ́. Òótọ́ ni pé àwọn kan ń kó owó pamọ́, àwọn tó sì ń fi owó ra ìbò kò ṣàjèjì sí wa. Ṣùgbọ́n apá kan nínú owó yẹn wà nínú igbá aláta ní Láfẹ́nwá, ó wà nínú àpò alájọ, ó wà ní ìdí aṣọ àwọn obìnrin aládìrẹ ní Ìtòkú. Owó tó ń ṣiṣẹ́ ni, kì í ṣe owó tó sá pamọ́.

Ẹ rántí bí ó ti rí. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kejìlá 2022 ni owó tuntun jáde, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kìíní 2023 ni wọ́n kọ́kọ́ fi àdéhùn sí fún ti àtijọ́, wọ́n sì tún sún un sí ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejì. A kó ti àtijọ́ wọ báńkì, a kò rí tuntun gbà jáde. Ní òwúrọ̀ kùtù ni èèyàn yóò ti tò sẹ́nu ẹ̀rọ ATM, tí yóò fi dalẹ́ láìrí ẹgbẹ̀rún kan gbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì yẹn, àwọn èèyàn tú sí ìgboro Abẹ́òkúta, ìbínú wọn sì dé ara àwọn ilé ìfowópamọ́. A kì í gbóríyìn fún ẹni tó ń ba dúkìá jẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa tí owó rẹ̀ wà ní báńkì, kí la fẹ́ sọ fún un?

Owó wá di ọjà. Ẹni tó fẹ́ gba ₦5,000 lọ́wọ́ oní-POS lè fi ₦1,000 sílẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ní àkáùntì mẹ́ta àti fóònù ńlá rí ọgbọ́n dá sí i. Ìyá tó ń ta tòmátò ni tòmátò jẹrà mọ́ lọ́wọ́, nítorí ẹni tó fẹ́ rà á kò ní owó ọwọ́, òun náà kò sì ní ohun tí yóò fi gba tíránsífà. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta 2023, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí a máa ná owó àtijọ́ lọ títí di ìparí ọdún náà, ní oṣù Kọkànlá wọ́n sì mú gbèdéke kúrò pátápátá. Owó tí wọ́n ní ó ti kú la ṣì ń ná. Ṣùgbọ́n ta ni yóò san owó tòmátò padà?

Nítorí náà, a kò lè bá àwọn tó ń sọ pé kí owó ọwọ́ kásẹ̀ ńlẹ̀ pohùn pọ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2013 ni Báńkì Àpapọ̀ ti mú ètò ìdínkù owó ọwọ́ wọ Ìpínlẹ̀ Ògùn, lẹ́yìn tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Èkó ní 2012, a sì rí àǹfààní rẹ̀. Ẹni tó ń ti Ìtòkú lọ sí Kano pẹ̀lú owó aṣọ kò tún ní láti dì í mọ́ ìdí kí ọlọ́ṣà má baà gbà á. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun kọjá já nítòsí Abidjan, báńkì púpọ̀ ní Nàìjíríà sì dákú lọ́jọ́ náà. Kódà ní Sweden, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ibẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé owó ọwọ́, ìwé tí ìjọba fi ránṣẹ́ sí ilé gbogbo ní 2024 gbà wọ́n níyànjú láti ní owó ọwọ́ tó tó ọ̀sẹ̀ kan nílé, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Ti sọ̀wédowó kò pẹ́ sọ. Ta ni yóò fi sọ̀wédowó ra gààrì? Àwọn oníṣòwò kan kò ní gbà á láé, nítorí ojú wọn ti rí èyí tó lọ sí báńkì tó padà wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin 1977 fi ẹ̀wọ̀n ọdún méjì de ẹni tó bá kọ sọ̀wédowó tí kò lówó nídìí. Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí a sọ ọ́ nù. Ní Ìlú Ọba, wọ́n pinnu ní 2009 pé sọ̀wédowó yóò parí ní 2018, àwọn arúgbó àti àwọn ẹgbẹ́ aláàánú pariwo, wọ́n sì fagi lé e ní 2011. Fún owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti owó ìkọ́lé ìjọ, sọ̀wédowó tí èèyàn méjì buwọ́ lù sàn ju káàdì tó wà lápò akápò kan ṣoṣo lọ. (Mo mọ̀ pé àwọn akápò kan kò ní fẹ́ràn gbólóhùn yìí.)

Káàdì dára ní ilé epo àti ilé ìtajà ńlá, níbi tí ẹni tó ń tà ti ní agbára láti dúró de owó rẹ̀. Ẹ kàn mọ iye tó ń ná yín. Láti oṣù Kẹta 2025, ₦100 ni wọ́n ń yọ lórí ₦20,000 tí a bá gbà lẹ́nu ẹ̀rọ báńkì mìíràn, bí ẹ̀rọ náà kò bá sì sí ní ọgbà báńkì, wọ́n tún lè fi tó ₦500 lé e. Bí owó bá já lára yín tí oníṣòwò kò rí i, ẹ má dákẹ́: ní 2020 Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé kí èyí tó bá há sẹ́nu POS padà láàárín wákàtí 72. Àwọn ìyá wa tó ń fún ọmọ oní-POS ní káàdì tí wọ́n sì ń pe nọ́ńbà àṣírí fún un létí ìta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn.

Lórí tíránsífà, ìyípadà kan wà tó tẹ́ wa lọ́rùn. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó gba ₦10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n máa ń yọ ₦50 lára owó rẹ̀. Láti oṣù Kìíní 2026, òfin ti gbé e ka orí ẹni tó fi ránṣẹ́. Ibi tó yẹ kó wà nìyẹn. Bí a bá fẹ́ ìrọ̀rùn, kí àwa náà san owó rẹ̀.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń mú ₦200 àti ₦500 dání lọ sí Kútò, mo sì máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà bí ó ti fẹ́ gba owó rẹ̀ kí n tó yan ọjà. Bó bá ní tíránsífà, n kì í gbé ẹrù kúrò níwájú rẹ̀ títí àlẹ́ẹ̀tì yóò fi dún lórí fóònù tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ilé iṣẹ́ àti ilé ìwòsàn kan wà tó máa ń kọ owó ọwọ́, tí wọ́n á ní kí aláìsàn lọ wá oní-POS níta kó tó gba káàdì ìtọ́jú. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 sọ pé ẹni tó bá kọ náírà ti ṣẹ̀, ìtanràn ₦50,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà sì wà fún un. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín tàbí sí aládùúgbò yín, ẹ kọ orúkọ ibẹ̀, ọjọ́ àti iye owó tí ẹ mú lọ sílẹ̀, kí ẹ mú un wá sí ìpàdé wa. A ó kó wọn jọ, a ó sì gbé wọn lọ bá àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn.