Òùngbẹ Tí Kẹ́ẹ̀gì Ò Lè Pa
Lọ́dún 1930, ní Òkè-Ooyè nílùú Iléṣà, tọmọdé tàgbà rọ́ lọ bá ajíhìnrere Joseph Ayọ̀ Babalọlá, wọ́n ru omi lórí kó lè gbàdúrà sí i. Ọ̀pọ̀ jẹ́rìí pé ara àwọn yá. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ọkùnrin tó dúró nídìí omi náà ló jọ mí lójú. Awakọ̀ rólà tí wọ́n fi ń tẹ títì ni, iṣẹ́ ìjọba, nígbà tí iṣẹ́ ìjọba ṣì ń jẹ́ iṣẹ́ ìjọba. Ó fi í sílẹ̀ lọ́dún 1928 nítorí ìpè Ọlọ́run. Owó oṣù ò pa òùngbẹ ẹ̀. Àwa ńkọ́? Kẹ́ẹ̀gì omi àdúrà mẹ́ta ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, inú ọ̀kan tiẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Físà là ń wá, ilé là ń wá. Tọ́wọ́ bá tẹ̀ ẹ́ tán, a tún gbé kẹ́ẹ̀gì. Gbogbo nǹkan la ti tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àfi Ọlọ́run fúnra ẹ̀. Lálẹ́ àná, iná lọ, mo kúnlẹ̀, mi ò tọrọ nǹkan kan. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ kí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tó bẹ̀rẹ̀ ariwo, àmọ́ ó ti pẹ́ tí ọkàn mi ti balẹ̀ bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.