Ọmọ Tí A Kò Kọ́, Ilé Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí òbí Yorùbá tí kò tíì pa òwe yìí létí ọmọ rẹ̀ rí: ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pa á bí ẹni pé ọmọ ni ó ń dá lẹ́bi, ọmọ tó ya àpà, tó fi làálàá bàbá rẹ̀ ṣòfò. Ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́ dáadáa. Ọrùn bàbá ni ẹjọ́ náà wà. Bàbá ọ̀hún kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ń ra sìmẹ́ǹtì, ó ń bá bíríkìlà fa ọ̀rọ̀, ó ń dúró ti káfíńtà nínú oòrùn. Làálàá ilé yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí ó ráyè jókòó ti ọmọ. Nígbà tí ó wá kú, ọmọ tí kò mọ iye tí ilé tó, tí kò mọ bí a ṣe ń tún òrùlé ṣe, tí kò mọ ibi tí ìwé ilẹ̀ wà, gba owó tí ẹni àkọ́kọ́ fi lọ̀ ọ́. Kò tà á nítorí ìkà. Àìmọ̀ ló tà á.

Ìjọba ni ó yẹ kí á máa pa òwe yìí fún lásìkò yìí tí gbogbo iṣẹ́ ìjọba ń kó lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sẹ́ni tó lè pe ìjọba wa ní ọ̀lẹ nínú ilé kíkọ́. Láti ọdún 2007 ni òfin ti dá NIMC sílẹ̀ láti máa fún wa ní nọ́ńbà ìdánimọ̀. Ní 2015, JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì, kó gbogbo ìdánwò rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí gbogbo owó tó ń wọlé fún àwọn ẹ̀ka rẹ̀ máa gba orí ẹ̀rọ bọ́ sínú àpò kan ṣoṣo. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n ní kí olúkúlùkù so nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ mọ́ síìmù rẹ̀, ẹni tí kò bá so ó, wọn yóò ti fóònù rẹ̀ pa. Ní 2023, ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun náà di ti orí ẹ̀rọ. Àwa ará ilẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀, láti Ìyàrà dé Ìsánlú, abẹ́ òrùlé yìí ni gbogbo wa wà, a fẹ́ a kọ̀.

Ẹ wá wo bí abẹ́ òrùlé náà ṣe rí. PTAD, ẹ̀ka ìjọba tó ń sanwó ìfẹ̀yìntì fún àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ láyé àtijọ́, gbé ètò kan kalẹ̀ tí àgbàlagbà fi lè jókòó sílùú rẹ̀, kí ó fi ojú han fóònù, kí wọ́n lè mọ̀ pé ó ṣì wà láàyè. Ètò gidi ni. Ṣojú wa ni àwọn arúgbó ṣe ń wọ ọkọ̀ láti òwúrọ̀ kùtùkùtù lọ to ìlà àyẹ̀wò nílùú onílùú. Àmọ́ ẹ bá mi wo ètò gidi yìí nínú ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Kàbà. Bàbá tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì fẹ̀yìn tì ní NITEL, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba; òun ni ó ń gun òpó, tó ń so wáyà tẹlifóònù, nígbà tí abẹ́ Kwara ni a ṣì wà, kí wọ́n tó dá Kogí sílẹ̀ ní 1991. Lónìí, ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ogún ọdún ló gbé fóònù sí i lójú. "Bàbá, òkun o. Ẹ gbójú sókè díẹ̀. Ẹ ṣẹ́jú. Ẹ tún un ṣẹ́, sà." Fóònù kọ̀, ó ní ìmọ́lẹ̀ kò tó. Wọ́n jáde síta, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Wọ́n wọlé padà, jẹnẹrétọ̀ kú. Nígbà tí ó jàjà gbà, ọmọ náà fa ìwé kékeré kan yọ lábẹ́ kíbọ́ọ̀dù, ó kọ orúkọ bàbá sí i, ó kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀, àti páásíwọ́ọ̀dù tí òun fúnra rẹ̀ bá bàbá yàn. "Kí á má baà gbàgbé nígbà mìíràn ni, Bàbá." Bàbá súre fún un, ó sanwó, ó wá ọ̀pá rẹ̀ lọ.

Inú ìwé kékeré yẹn ni ìdánimọ̀ gbogbo àdúgbò wà. Ọmọ tó ni ín kì í sì í ṣe olè. Ara ọ̀gá rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́, ara ẹlòmíràn ni ọ̀gá náà ti kọ́ ọ; kò sẹ́ni tó sọ fún èyíkéyìí nínú wọn rí pé nọ́ńbà ènìyàn kì í ṣe ohun tí à ń kọ sínú ìwé tó ń sùn lórí tábìlì. Iṣẹ́ ìjọba ni ọmọ náà ń ṣe láti àárọ̀ dé alẹ́: ìforúkọsílẹ̀ JAMB, àtúnṣe orúkọ lórí nọ́ńbà ìdánimọ̀, owó ìfẹ̀yìntì, páṣípọ́ọ̀tù. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo owó tí ìjọba ná lórí àwọn ìkànnì wọ̀nyí, kò sí kọ́bọ̀ tó kan ẹ̀kọ́ tirẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé àsọdùn ni títa tí òwe náà wí, kí ó rántí ọdún 2024. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ẹgbẹ́ Paradigm Initiative ké gbàjarè pé ìkànnì kan ń ta nọ́ńbà ìdánimọ̀, BVN tí báńkì fi ń dá oníbàárà mọ̀, àti àwọn àkọsílẹ̀ mìíràn nípa ọmọ Nàìjíríà, ₦100 péré lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. NIMC fèsì pé kò sí ẹni tó já wọ ibi ìpamọ́ òun, ó sì kìlọ̀ fún aráàlú pé kí wọ́n yé fi nọ́ńbà wọn fún irú àwọn ìkànnì bẹ́ẹ̀. Ó dáa, ká gbà bẹ́ẹ̀. Bí ilẹ̀kùn ilé kò bá já, tí ẹrù inú ilé sì ń bẹ lọ́jà, a jẹ́ pé ọwọ́ àwọn tó wà nínú ilé ló ti ń jáde. Irin tó nípọn jù lọ lẹ́nu ọ̀nà kò lè dá ìyẹn dúró, torí pé àwọn tó ń gbé inú ilé ni wọn kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń gbé jáde.

Kí á má sì ṣe rò pé ará oko nìkan ni ọmọ tí a kò kọ́. Nínú ìdánwò JAMB ọdún 2025, ẹgbẹ̀rún lọ́nà 379 ó lé 997 akẹ́kọ̀ọ́ (379,997) ni àṣìṣe ẹ̀rọ kàn, ní ibùdó 157, ní Èkó àti àwọn ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò. Nígbà tí wọ́n wádìí ẹ̀, wọ́n rí i pé àwọn tí wọ́n gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́ kò fi àtúnṣe tó yẹ sórí àwọn sáfà kan kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, tó jẹ́ ọ̀gá JAMB nígbà náà, tọrọ àforíjì ní gbangba, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà wà, iná wà, owó ti wọlé. Ènìyàn kan tí kò ṣe ohun tó yẹ kí ó ṣe ni kò jẹ́ kí ọ̀ràn náà dán mọ́rán.

Àwa ní Kogí tún ní ẹ̀rí tiwa. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, tí wọ́n ní kí gbogbo wa máa fi fóònù sanwó, Kogí wà lára ìpínlẹ̀ mẹ́ta tó kọ́kọ́ pe ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́ nílé ẹjọ́ tó ga jù lọ, pẹ̀lú Kaduna àti Zamfara. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún náà, ilé ẹjọ́ dájọ́ pé kí àwọn owó àtijọ́ ṣì máa jẹ́ níná títí di òpin ọdún. Kí ẹjọ́ tó parí, ìyá oníṣu ní ọjà Kàbà ti rí màbo. Oníbàárà yóò na fóònù sí i pé òun ti fi owó ránṣẹ́, yóò gbé iṣu lọ, alẹ́ ọjọ́ náà ni yóò tó mọ̀ pé àlàátì irọ́ ni. Bí ènìyàn ṣe ń wo àkáǹtì rẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ó tó jẹ́ kí ọjà kúrò nílẹ̀, ẹ̀kọ́ wákàtí kan péré ni. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Ẹnìkan lè sọ pé, ìjọba kúkú ń kọ́ ènìyàn. Òótọ́ ni. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, Mínísítà Bosun Tijani gbé ètò 3MTT dìde láti kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Èmi kò ní bu ètò náà kù. Ṣùgbọ́n irú ọmọ wo ló ń kọ́? Ọmọ tó ti mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀ ni, tó ní láptọ́ọ̀pù àti dátà láti fi bẹ̀rẹ̀. Tí ó bá sì mọ̀ ọ́n tán, Àbújá ni yóò kọrí sí. Ilẹ̀ Òkun ti pẹ́ nínú irú èyí. Láti ayé Titcombe College tó bẹ̀rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ̀ ní 1951 ni a ti ń kọ́ ọmọ tí a sì ń fi ránṣẹ́ sí ìlú ẹlòmíràn lọ ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n àti ọ̀gá àgbà. Ẹ̀kọ́ tí kò ní ilé láti padà sí, ẹlòmíràn ló ń jẹ èrè rẹ̀. Nítorí náà, èmi kò sọ pé kí ìjọba dẹ́kun ilé kíkọ́. Wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ fi kún ti tẹ́lẹ̀, tó jẹ́ 90,000 kìlómítà, a nílò rẹ̀, a sì nílò kí ó wọ abúlé Bùnú. Èyí tí mo ń sọ ni pé, kí owó tó tún jáde fún ìkànnì tuntun, ẹ jẹ́ kí àwọn tí yóò lò ó àti àwọn tí yóò bá wọn lò ó kọ́kọ́ gba ìpín tiwọn.

Ìjọba wo ló yẹ kó san án? Ìwé òfin ọdún 1999 ti dáhùn. Àfikún kẹrin rẹ̀ sọ pé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó, pé ó sì gbọ́dọ̀ lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ àgbà àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Bí a bá ń kọ́ ìyá oníṣu láti ka àlàátì, ẹ̀kọ́ àgbà kọ́ ni yẹn? Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, kí gómìnà má ṣe dì í mú. Kàbà-Bùnú, Ìjùmú, Mopá-Múrò, Yàgbà Ìlà-Oòrùn àti Yàgbà Ìwọ̀-Oòrùn, márààrún ni ìdájọ́ yẹn kàn.

Ohun tí owó náà yóò kọ́kọ́ ṣe kò wọ́n. Kí wọ́n pe gbogbo ọmọ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà àti oní-POS jọ, kí wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń pa àṣírí oníbàárà mọ́, kí wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kí wọ́n fún ẹni tó bá yege ní káàdì tí yóò gbé kọ́ ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n sì gbà á padà lọ́wọ́ ẹni tí ìwé kékeré bá tún wà lábẹ́ kíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí yàrá kan wà ní sẹkitéríàtì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú iná sólà, àti òṣìṣẹ́ tó gbọ́ Owé, Bùnú, Ìjùmú tàbí Yàgbà, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó bá àgbàlagbà ṣe ohun orí íntánẹ́ẹ̀tì láìgba kọ́bọ̀. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló tún kàn láti gba ẹ̀kọ́ yìí. Kí wọ́n sì fi sínú ìṣirò pé bátìrì ń kú, dátà ń tán, òṣìṣẹ́ ń gba owó oṣù. Ta ni kò tíì rí ibùdó kọ̀ǹpútà tí òṣèlú kan kọ́ rí, tí orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri gàdàgbà, tí aṣọ bo kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀, tí àgádágodo sì wà lẹ́nu ọ̀nà? Owó ìkọ́lé wà nínú ìṣirò ọjọ́ náà, owó ẹni tí yóò máa ṣí i láàárọ̀ kò sí níbẹ̀.

Rwanda ti gba ọ̀nà yìí kọjá. Lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé Irembo, ìkànnì iṣẹ́ ìjọba wọn, dìde, wọ́n fi àwọn aṣojú tí ìjọba mọ̀ sí àwọn àdúgbò, kí ẹni tí kò ní fóònù lè rí ẹni bá a ṣe é. Ní 2017, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò mìíràn láti rán àwọn ọ̀dọ́ sí àgbègbè wọn 30 láti máa kọ́ aráàlú ní lílo ẹ̀rọ. Wọ́n ti kọ́lé, wọ́n wá rí i pé àwọn onílé kò mọ ọ̀nà yàrá, wọ́n sì náwó sórí ìyẹn náà.

Nígbà tí alága àti káńsílọ̀ bá tún gbé ìṣirò owó ọdún wọn jáde, tí wọ́n sọ fún wa pé àwọn fẹ́ gbé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn ọba, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, ìyálọ́jà àti àwọn ọ̀dọ́ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: ta ni yóò kọ́ wa, èló ni ẹ kọ sílẹ̀ fún ìyẹn, ta ni yóò sì máa san owó iná rẹ̀ ní ọdún kẹta? Alága tí kò bá rí èsì sọ, kí wọ́n má fọwọ́ sí owó ìkànnì náà fún un.