Ìhàlẹ̀ Átọ́míìkì Rọ́ṣíà Lójú Ogun

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2022, ọjọ́ kẹrin ogun Ukraine, Ààrẹ Vladimir Putin pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ ogun tó ń mójú tó ohun ìjà átọ́míìkì wà ní ìmúrasílẹ̀. Èrò àwọn ọ̀gágun Rọ́ṣíà ni pé bí ẹ̀rù bá ti ba ọ̀tá tó, kò ní sí ìdí láti lò ó.

Ǹjẹ́ ẹ̀rù ba àwọn ọ̀tá náà? Ó ba àwọn kan. NATO kò rán ọmọ ogun lọ jà. Amẹ́ríkà náà fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ títí di oṣù Kọkànlá 2024 kó tó gbà kí Ukraine fi mísáìlì ATACMS lu inú Rọ́ṣíà. Ṣùgbọ́n Ukraine tí ilé rẹ̀ ti ń jó, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi dẹ́rù bà á? Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, ọmọ ogun rẹ̀ wọ Kursk, ilẹ̀ Rọ́ṣíà gan-an. Putin fọwọ́ sí ìlànà átọ́míìkì tuntun ní ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá. Ní ọjọ́ 21, Rọ́ṣíà fi mísáìlì Oreshnik, tí kò gbé átọ́míìkì, lu ìlú Dnipro ní Ukraine. Ariwo ńlá ni.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà 2025, dúróònù tí Ukraine kó pamọ́ sínú ọkọ̀ akẹ́rù jáde, wọ́n sì dáná sun àwọn ọkọ̀ òfurufú ajubọ́ǹbù Rọ́ṣíà tó lè gbé átọ́míìkì, ní ibùdó ọmọ ogun òfurufú Belaya àti Olenya. Ìlànà Rọ́ṣíà fúnra rẹ̀ sọ pé ìkọlù tó bá lè ba agbára wọn láti fi átọ́míìkì gbẹ̀san jẹ́ lè mú kí wọ́n lò ó.

Wọn ò lò ó.