Kí ẹ̀rọ wá a rí kó tó kà á

Ẹ̀yin oníṣòwò wa, ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ní ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka ọjà, tó sì ń kọ rìsíìtì. Lóde òní, AI, ìyẹn ọgbọ́n àtọwọ́dá, làwọn tó ń ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ fi ń tún un ṣe. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó ibẹ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ tó ni AI sábà máa ń gba owó lórí iye ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ wọn bá kà àti èyí tó bá kọ. Bó bá ka gbogbo fáìlì yín nítorí ìlà kan ṣoṣo, owó ti lọ nìyẹn. Ta ló ń tú gbogbo ṣọ́ọ̀bù palẹ̀ nítorí páálí ṣúgà kan?

Irinṣẹ́ tó ń bá ẹ̀rọ wá nǹkan ló ń dín ìnáwó yìí kù. Grep, tí Ken Thompson ṣe ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1973, ṣì ń ṣiṣẹ́ dòní. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá fún un ló máa bá yín wá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ “owó ọjà” síbì kan, tí wọ́n kọ “iye” síbòmíràn, kò ní mọ̀ pé ọ̀kan náà ni. Irinṣẹ́ tó ń fi ìtumọ̀ wá nǹkan lè mọ̀ ọ́n. Ó dáa kí méjèèjì wà pa pọ̀, torí bí AI bá yí iye ọjà padà níbì kan, tó gbójú fo ibòmíràn, orí rìsíìtì ni oníbàárà yín yóò ti rí i.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó fún AI tó wọ́n jù, ẹ bi ẹni tó ń ṣe ètò yín pé: báwo ló ṣe ń wá nǹkan? Kó fi gbogbo ibi tó rí hàn yín, kó tó fọwọ́ kan ọ̀kankan.