Ọ̀rọ̀ Gbèsè ní Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀rọ̀ gígùn ni àwọn tí ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ń lépa. Kúkúrú ni ó sì ń kó wọn sí wàhálà. ‘Yá’ kan náà ni Yorùbá ń lò fún ẹni tí ó fúnni àti ẹni tí ó gbà: a yá Òjó lówó, a yá owó lọ́wọ́ Òjó. Ti ẹni tí ó fúnni ni ‘lend’. Ti ẹni tí ó gbà ni ‘borrow’. Àgbẹ̀ tí ó yá Òjó lówó, tí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ‘I borrowed Ojo money’, fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ajigbèsè. Kí olùkọ́ gbé ọkọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, kí ó wí pé, ‘I lend you my hoe’. Kí akẹ́kọ̀ọ́ dáhùn pé, ‘I borrow your hoe’. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n pààrọ̀ ipò.