Ìgbà Ara Là Á Búra: Owó Ìfẹ̀yìntì Tí Wọ́n Yọ Tí Wọn Kò San

Èrò rere kò wọ́n ní ilé iṣẹ́. Bí oṣù bá parí, tí ọ̀gá sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé owó ìfẹ̀yìntì wọn yóò wọlé láìpẹ́, ó lè jẹ́ pé tinútinú ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n òjò tó ṣú tí kò rọ̀, àgbẹ̀ kò lè fi gbin àgbàdo.

Òfin owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2004, tí wọ́n sì tún ṣe lọ́dún 2014, kò fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún èrò ọkàn ẹnikẹ́ni. Òṣìṣẹ́ yóò dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó oṣù rẹ̀, agbanisíṣẹ́ yóò fi ìdá 10, ó kéré tán, kún un. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 tí wọ́n bá ti san owó oṣù, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́. Bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìtanràn tí kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó kù nílẹ̀ yóò máa gorí rẹ̀ lóṣooṣù.

Kí ló dé tí àwọn aṣòfin fi ka ọjọ́ báyìí? Owó ìfẹ̀yìntì kì í jókòó lásán. Wọ́n ń fi í ṣòwò lórúkọ òṣìṣẹ́, èrè ń bí èrè. Owó tó yẹ kó wọlé lónìí, tó wá wọlé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ti pàdánù èrè ọdún mẹ́ta, ọjà sì ti gbówó lórí. Agbanisíṣẹ́ san gbèsè lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe iye tó jẹ ló san.

Àwọn kan yóò ní ọjà kò tà, iná kò sí, dísù sì wọ́n. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, ìdá 8 yẹn kì í ṣe owó ilé iṣẹ́. Òógùn òṣìṣẹ́ ni. Ẹni tí a fi ẹrù rán kì í tà á jẹ nítorí pé ebi ń pa á.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ọjọ́ tí wọ́n bá san owó oṣù ni kí wọ́n fi owó ìfẹ̀yìntì ránṣẹ́, kí ó má di ohun tí ọ̀gá yóò máa rò ní àròtúnrò lóṣooṣù. Kí òṣìṣẹ́ náà máa bèèrè àkọsílẹ̀ àkáùǹtì rẹ̀ déédéé, kó má ṣe dúró di ọjọ́ ìfẹ̀yìntì kó tó mọ̀ pé òfìfo ni. Kí àjọ PenCom sì gba ìtanràn kí gbèsè tó di òkìtì.

Àwọn àgbà ní ìgbà ara là á búra, a kì í búra Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Ẹni tó fẹ̀yìn tì ní ọmọ ọgọ́ta ọdún kò lè fi "ó ń bọ̀" ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.