Ìgànmú Ti Tún Ilé Ṣe, Ọjọ́ Wo Ni Eré?

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde pé ọjọ́ wo ni Ojúde Ọba, kò ní í ronú kó tó dá yín lóhùn: ọjọ́ kẹta Iléyá ni. Ará Òṣogbo náà mọ̀ pé oṣù Kẹjọ ni ti Ọ̀ṣun. Kí ọjọ́ tó kò, àwọn régbérégbé ti yan aṣọ, àwọn ẹlẹ́ṣin ti ń tọ́jú ẹṣin wọn, ẹni tó wà ní London sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Kò sí ẹni tó ń pariwo lórí rédíò kí wọ́n tó wá. Ọjọ́ tó ti dájú ló ń pe èrò.

Ní ìdàkejì, ẹ dúró ní iwájú géètì ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà níbí. Ẹ bi àwọn nọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ láti ẹnu iṣẹ́ òru, ẹ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ẹ bi ìyá tó ń dín àkàrà àti oníkòròpé tó ń pe èrò, pé ọjọ́ wo ni wọ́n ń ṣeré ní Ìgànmú. Ìbéèrè ni wọn yóò fi dá yín lóhùn: “Eré wo?”

Bẹ́ẹ̀ Ìgànmú, níbi tí National Theatre wà, kò jìnnà sí wa. Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Ìdí-Àràbà, tó gba Òjúẹlẹ́gbá bọ́ sí Western Avenue, kó tó gun Eko Bridge ni yóò ti máa rí òrùlé ńlá yẹn tó dà bíi fìlà sójà. Àwọn ará Bulgaria, ilé iṣẹ́ Technoexportstroy, ló kọ́ ọ. Àwòrán ilé àṣà kan ní ìlú Varna lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n wò kọ́ ọ. Ọdún 1976 ni wọ́n parí rẹ̀, ìjókòó inú gbọ̀ngàn ńlá rẹ̀ tó 5,000, FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, sì gba ibẹ̀ kan láti ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo wa la rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àlejò lọ, ilé bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ìgbà kan tilẹ̀ wà tí ìjọba fẹ́ tà á dànù. Ọdún 2021 ni wọ́n fà á lé Báǹkì Àpapọ̀ àti àwọn báǹkì yòókù lọ́wọ́ kí wọ́n tún un ṣe. Ní ọdún 2024, nígbà tí Wọlé Ṣóyínká pé ẹni 90 ọdún, Ààrẹ Tinúbú fi orúkọ rẹ̀ pe ilé náà. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni wọ́n sì ṣí i padà.

Ẹni tó bá ṣe dáadáa, ká sọ pé ó ṣe dáadáa. Iná ti tàn, àga ti dára. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún báyìí kéré sí owó tí wọ́n ti ná sórí símẹ́ńtì, ṣùgbọ́n òun ló le jù. Kí wọ́n fún wa ní sáà eré: oṣù tó ń bẹ̀rẹ̀, oṣù tó ń parí, orúkọ eré kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ rẹ̀, wákàtí rẹ̀ àti owó ìwọlé rẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ sì jáde kí sáà tó wọlé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a óò kàn ní gbọ̀ngàn àpèjẹ olówó ńlá kan sí i ní Èkó ni, èyí tí a kò sì ní kò sí.

Nítorí irú ìwé ètò sáà bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé ọ́pẹ́rà ayé fi ń pẹ́. La Scala ní ìlú Milan ń ṣí sáà rẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá, ọjọ́ àjọ̀dún Ambrose Mímọ́ tó jẹ́ alábòójútó ìlú náà. Ẹ̀yin náà ẹ rí i pé kò yàtọ̀ sí ọjọ́ kẹta Iléyá. Ní Jámánì, ilé ọ́pẹ́rà tí ìjọba ń fowó tì lẹ́yìn tó bíi 80. Ìlú tí kò tó Muṣin rárá níbẹ̀ ní olórin àti onílù tó ń gba owó oṣù, àwọn olùgbé ibẹ̀ sì mọ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ohun tí wọ́n máa wò nígbà òtútù.

Ẹnìkan lè sọ pé ti òyìnbó nìyẹn, pé kí ló kan Yorùbá nínú ọ́pẹ́rà. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ ìtàn Èbúté-Mẹ́tta. Ọlọ́pàá ni Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀sọsà, nígbà tí ìjọ Aládùúrà kan ní Èbúté-Mẹ́tta ní kó ṣe eré olórin fún àwọn. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1944 ni wọ́n gbé e sórí ìtàgé ní Glover Hall ní Èkó, ìtàn ọgbà Édẹ́nì ni. Èrò ya bò wọ́n. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, Ògúndé bọ́ṣọ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ ọdún 1945 ṣe eré. Nígbà tó di 1964, ó gbé Yorùbá Ronú jáde, ó sì dun àwọn tó wà nípò ní Ìwọ̀-Oòrùn débi pé wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ẹkùn náà. Ìgbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní 1966 ni òfin náà tó kúrò. Eré olórin ló dẹ́rù ba ìjọba tó bẹ́ẹ̀.

Dúró Ládiípọ̀ ní Òṣogbo náà, inú ìjọ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbé ìlù wọ inú orin Àjíǹde ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn àgbà ìjọ kọ̀ jálẹ̀. Kò bá wọn jà. Ilé ọtí rẹ̀ ló sọ di ilé àṣà Mbárí Mbáyọ̀ ní 1962, ó ṣe Ọba Mórò ní ọdún náà, ó sì ṣe Ọba Kò So ní ọdún kejì. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe Ṣàngó, Abíọ́dún ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣe Ọya. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí bàtá ṣe ń dáhùn nínú eré yẹn mọ̀ pé ìlù kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ṣe ẹ̀ṣọ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀. Ìlù ń bá ọba sọ̀rọ̀. Bí Gbọ̀ọ́nkáà, jagunjagun inú eré náà, bá pe ọfọ̀, ìlù á dákẹ́ gbọ́, á sì tún gbà á lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí iná bá wá yọ lẹ́nu Ṣàngó, kì í ṣe ọmọdé nìkan ló ń dìde lórí àga. Eré yìí dé ìlú Berlin ní 1964, ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965, àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá sì jókòó wò ó tán. Láàárín àkókò kan náà ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ Òkèmẹ̀sí, sọ ìtàn ọ̀mùtí tí Amos Tutùọlá kọ di Láńkẹ́ Ọ̀mùtí ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963.

Ẹ wò ó, gbogbo àwọn wọ̀nyí kò ní ilé tó tó ti Ìgànmú. Inú lọ́rí ni Ògúndé ń kó ẹgbẹ́ rẹ̀ sí, láti ìlú dé ìlú, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń ṣíwájú, bébà sì ń bẹ lára ògiri. Kí ẹgbẹ́ má baà tú, ó fẹ́ àwọn òṣèré rẹ̀ obìnrin ṣaya. Èmi kò ní kí mínísítà fẹ́ ẹnikẹ́ni. Mo kàn ní kí a rí i pé ọkùnrin yẹn mọ̀ pé ẹgbẹ́ tí kò dúró pa pọ̀ kò lè ní eré nílẹ̀. Lónìí, owó oṣù ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ní àwọn ọdún 1980, Ògúndé yìí kan náà ni ìjọba àpapọ̀ pè pé kó wá dá ẹgbẹ́ òṣèré orílẹ̀-èdè sílẹ̀, National Troupe. Ẹgbẹ́ náà ṣì wà. Eré wà, ẹgbẹ́ wà, ilé ti wà báyìí. Sáà ló kù.

Orúkọ tí wọ́n fi pe ilé náà gan-an ti fún wọn ní eré tí wọn yóò fi ṣílẹ̀kùn. Oṣù Kejìlá ọdún 1977, nígbà tí ariwo FESTAC kò tíì kúrò létí, Ṣóyínká gbé Opera Wonyosi jáde ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ọ́pẹ́rà àwọn alágbe tí Gay kọ ní London ní 1728, tí Brecht àti Weill tún ṣe ní Berlin ní 1928, ló mú, ó sì fi orúkọ léèsì olówó iyebíye tí àwọn olówó epo ń wọ̀ nígbà náà pè é. Olè, ológun, alágbe àti ọlọ́lá, gbogbo wọn ló ń kọrin níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á fi í ṣí sáà ní oṣù Kẹwàá, nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí ọ̀nà kò sì ní í kún fún omi. Kí Ọba Kò So wá ní oṣù Kọkànlá. Kí Láńkẹ́ Ọ̀mùtí wá ní Kejìlá, nígbà tí àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun bá ń wá ibi tí wọn yóò gbé àwọn ọmọ wọn lọ. Kí Yorùbá Ronú wà lára rẹ̀, ká wo bóyá ìjọba tòní lè jókòó gbọ́ ọ dópin.

Oṣù Kejì sì ní tirẹ̀. Ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1977, ọjọ́ kẹfà tí FESTAC parí, ni àwọn sójà jó Kalakuta, ilé Fẹlá, ní nọ́ńbà 14 Agege Motor Road, létí Ìdí-Àràbà wa níbí. Fẹlá ti kọ̀ láti bá wọn ṣe FESTAC. Bọ́láńlé Austen-Peters ti fi ìtàn àwọn ìyàwó Fẹlá ṣe eré olórin ní 2017, Fela and the Kalakuta Queens. Kí Ìgànmú gbé irú eré bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ìtàn náà ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wọn. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n máa san owó fún ọ̀dọ́ kan lọ́dọọdún láti kọ eré tuntun, kí wọ́n sì san ẹ̀tọ́ ẹbí Ògúndé àti ti Ládiípọ̀ láì jẹ́ kí wọ́n lọ sí kóòtù.

Mo mọ ohun tí àwọn onímọ̀ owó yóò sọ: èrò kì í wá mọ́, fíìmù ti gba gbogbo wọn. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ògúndé fúnra rẹ̀ bọ́ sí fíìmù pẹ̀lú Aiyé ní 1979, nígbà tó sì yá, ọrọ̀ ajé tó dẹnu kọlẹ̀ àti ìbẹ̀rù òru Èkó pa ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo èrò tó ń lọ sí Terra Kulture ní Victoria Island nígbà Kérésì àti Àjíǹde. Èrò wà. Erékùṣù ni eré wà, ìgbà ọdún nìkan ló sì ń wà, owó ìwọlé rẹ̀ sì ju agbára ẹni tó ń wọ dánfó lọ. Ilé oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ọjọ́ tí wọ́n ń dáná kò lè sọ pé ebi kì í pa àdúgbò.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ tiwa ní apá ibí. Ọjọ́ Sátidé, òde ìnáwó ti gbà á, ẹ má bá wa du ú. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni kí ẹ mú, aago mẹ́rin, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì àti oúnjẹ, kí ìyá tó ní ọmọ méjì lè padà délé kí ilẹ̀ tó ṣú púpọ̀. Ẹ má fi dandan kún ìjókòó 5,000. Ẹ lo àwọn gbọ̀ngàn kékeré inú ilé náà fún eré tí kò ní èrò púpọ̀. Kí ìdá kan nínú tíkẹ́ẹ̀tì eré kọ̀ọ̀kan jẹ́ èyí tí nọ́ọ̀sì, kọndọ́, àti akẹ́kọ̀ọ́ lè san, kí àwọn ilé ìwé Muṣin àti Sùúrùlérè sì wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń dán eré wò kẹ́yìn. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ní ibùdó kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ National Theatre. Kí ìjọba Èkó rí i pé ó ṣì ń gbé èrò nígbà tí eré bá parí, kí wọ́n sì fi bọ́ọ̀sì pàdé àwọn tó ń padà sí Òjúẹlẹ́gbá.

Mínísítà tó ń rí sí àṣà, àwọn báǹkì tó tún ilé ṣe, àti ìgbìmọ̀ tó ń darí rẹ̀ ni mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sí. Ẹ jókòó, ẹ kọ eré mẹ́fà sórí bébà kan, ẹ fi ọjọ́ sí i, kí ẹ sì dúró ti ọjọ́ náà bí òjò rọ̀ bí òjò kọ̀, lọ́dún yìí àti lọ́dún tó ń bọ̀. Kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní Ojúwòyè, ní Tejúoṣó àti ní iwájú géètì LUTH. Bí a kò bá wá nígbà náà, ẹ̀bi di tiwa.